Ẹsẹ̀ Tí Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Gbàgbé

Ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀, kíláàsì, ìwé àti tíṣà là ń kà. A kì í ka ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé oko fi ń rìn débẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ya Ararọ̀mí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò. (Ẹ wo orúkọ yẹn ná: ara rọ̀ mí!) Ọ̀kadà ló ń gbé àwọn ọmọ wá sílé ìwé. Ọ̀kan tó sọ̀ kalẹ̀ sanra gan-an. Àwa àgbà ń yin ìyá rẹ̀ pé ó mọ ọmọ tọ́jú. Èmi náà yìn ín o.

Ọ̀gá ilé ìwé kan ní àwọn ti fi ìṣirò rọ́pò eré ìdárayá, nítorí ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo wá sọ fún un nípa iṣẹ́ ìwádìí tí Catherine Davis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 láti Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 171 tó sanra jù, ọmọ ọdún 7 sí 11. Àwọn kan ń sáré ṣeré fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn kan 40, àwọn tó kù ò sí nínú eré náà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ 13. Bí eré ṣe pọ̀ tó ni ọgbọ́n ìṣètò wọn àti ìṣirò wọn ṣe sunwọ̀n tó. Ìwé kíkà ò yí padà, ká má parọ́.

“Ìṣirò kẹ̀, sà?”

Ìṣirò ni. Mo bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀. Ó ní ogójì.