Ọwọ́ Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Òfin àti Ìjàǹbá Ẹ̀rọ Ìlagi ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ẹ̀rọ ìlagi kì í fi í dé inú àkọsílẹ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tí ìka rẹ̀ kò pé kì í ṣe àjèjì ní sọ́míìlì. Èrò wa ni pé kì í ṣe àìsí òfin ni ó fà á. Òṣùwọ̀n tí òfin ń lò ni.

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn lagilagi a máa gbẹ́ kòtò sábẹ́ gẹdú. Ẹnì kan a dúró lókè, èkejì a wà nísàlẹ̀, wọn a sì jọ máa fa ayùn. Bí apá wọn bá dẹ́kun, ayùn náà dúró. Ẹ̀rọ yí èyí padà. Bẹ́líìtì ni ó ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara ayùn, kò sì mọ ìgbà tí ọwọ́ dé ibi tí kò yẹ. Aṣọ lè há sí bẹ́líìtì. Pákó lè ta padà lára ayùn róbótó. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ara ẹ̀rọ CD lè já lójijì. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí a ti ya Igbó Ọba Ọmọ sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí gẹdú sì máa ń gba orí omi lọ sí Òkóbàbà ní Èbúté-Mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ igi ń bọ́.

Òfin Owó Gbà-má-bínú ti ọdún 1941 fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó. Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1955 pàṣẹ pé kí a fi ààbò bo ibi eléwu lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń ṣiṣẹ́ ni ó kà sí ilé-iṣẹ́. Káfíńtà tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1987, òfin tuntun sọ mẹ́wàá di ẹnì kan ṣoṣo. Ó wá dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òṣùwọ̀n náà. Ìjàǹbá tí kò pani, tí a gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, ni èyí tí kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé fún ohun tí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Owó tí ń wọlé fún un lóṣù ni a sì fi ń ṣírò gbà-má-bínú. Ní sọ́míìlì, onígẹdú yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Iye pákó ni a fi ń sanwó fún alágbàṣe. Ní ti ọmọ-iṣẹ́, ní Ayépé gẹ́gẹ́ bí ní ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn òbí ni ó ń sanwó fún ọ̀gá títí ọmọ yóò fi ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Bí ayùn bá gé ìka irú ọmọ bẹ́ẹ̀, owó oṣù wo ni a ó fi díwọ̀n ìka náà? Òfin ti ọdún 2010 ka ọmọ-iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ni ọ̀gá ń dá sí àpò náà, ìwé owó-oṣù kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá.

Àwọn kan lè sọ pé àìfarabalẹ̀ ni, tàbí pé Ògún ni ó bínú. Lójú tiwa, ẹ̀rí ni bíbọ Ògún jẹ́ fún òpìtàn: àwọn oníṣẹ́ irin ti mọ ewu irin kí òfin kankan tó mẹ́nu bà á.

Ní àgbálọgbábọ̀, Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹni tí ó pàdánù tirẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ ti pàdánù ohun ìní rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí òbí àti ọ̀gá sábà máa ń jọ fọwọ́ sí ni ìwé àdéhùn ọmọ-iṣẹ́. Inú rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ ẹni tí yóò san owó ìwòsàn àti ohun tí ó tọ́ sí ọmọ náà, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.