Ìwé Olójú-ewé Mẹ́sàn-án: Nípa Ìtàn Ìṣirò Tí Ń Wá Ìrísí Tí Ó Tọ́

Ó lè yà yín lẹ́nu pé èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò àwọn ẹnjiníà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtàn náà jẹ́ ìtàn ìwé kan tí àwọn tí ó yẹ kí ó wúlò fún kò kà sí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ìbéèrè tí ó bí ìwé náà ti pẹ́. Ní ọdún 1638 ni Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé e kalẹ̀: bí a bá ki orí igi kan bọ inú ògiri, tí a so ẹrù mọ́ orí kejì, ìrísí wo ni yóò mú kí igi náà lágbára dọ́gba láti ìdí dé orí? Ó fi hàn pé a lè gé ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà dànù láìdín agbára rẹ̀ kù.

Ní ọdún 1904, A. G. M. Michell, ẹnjiníà kan ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, gbé ìbéèrè yìí síwájú. Ojú-ewé mẹ́sàn-án péré ni ó kọ sínú Philosophical Magazine ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó béèrè pé: báwo ni a ṣe lè to àwọn ọ̀pá tí yóò gbé ẹrù kan ró, tí irin tí a ó lò yóò fi kéré jù lọ? Èsì rẹ̀ ni pé kí àwọn ọ̀pá tí ẹrù ń fà àti àwọn tí ẹrù ń fún pọ̀ máa dábùú ara wọn gẹ́gẹ́ bí àmì àgbélébùú, kí ìnira gbogbo wọn sì dọ́gba. Ìṣirò náà péye. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iye ọ̀pá tí ó ń béèrè kò lópin. Alágbẹ̀dẹ wo ni yóò rọ ọ́? Wọ́n pa á tì.

Nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ òfurufú di ìṣòro ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣí i wò. Ní ọdún 1964, Dorn, Gomory àti Greenberg to ojú àmì púpọ̀, wọ́n fi ìlà so wọ́n pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìṣirò ṣa èyí tí ó wúlò. Ní ọdún 1988, Bendsøe àti Kikuchi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, èyí tí ń sọ ibi tí ó yẹ kí ohun èlò kún àti ibi tí ó yẹ kí ó ṣófo. Títí di òní, ẹni tí ó bá gbé ọgbọ́n tuntun dé, àwòrán Michell ni a sábà fi ń dán an wò.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Michell: ohun tí a kò lè kọ́ ni ó di òṣùwọ̀n ohun tí a ń kọ́. Èmi kò sọ pé gbogbo ìwé tí a pa tì ni ó ní ìṣúra nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tún bi wá léèrè ohun tí ẹ̀kọ́ kan wà fún, tí wọ́n sì fẹ́ gba èsì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ jẹ́ kí a rántí ojú-ewé mẹ́sàn-án wọ̀nyí, àti àwọn tí ó tọ́jú wọn sórí pẹpẹ ìwé títí ẹni tí yóò kà wọ́n fi dé.