Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Mọ Ọjà Tó Ń Jẹ Wọ́n Lówó

Ìlú Waterloo, ní ìpínlẹ̀ Iowa lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ẹ̀ka kan nínú ilé-iṣẹ́ John Deere ti ń ṣe àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń wọ inú katakata. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà há, katakata kò tà mọ́, ni ẹ̀ka yìí bá ń bá àwọn ará ìta du iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀ka John Deere yòókù fẹ́ gbé síta. Iṣẹ́ ńlá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní owó wọn ti wọ́n jù. Iṣẹ́ kéékèèké ló ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ṣáá.

Inú ìwé ìṣirò ni àṣìṣe wà. Owó irin àti owó òṣìṣẹ́ kò ṣòro mọ̀. Àmọ́ owó tí kò ṣeé dì mọ́ ọjà kan pàtó, bí owó iná, owó ọ̀gá àti owó títún ẹ̀rọ tò, wákàtí tí òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń pín in. Ká ní wákàtí 3 ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ tò kí irú irin mìíràn tó lè wọ̀ ọ́. Ìbáà jẹ́ 100 tàbí 10,000 ni wọ́n fẹ́ gé, wákàtí 3 náà ni. Nínú ìwé, ẹni tó ra 10,000 ni wọ́n ń di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ẹrù náà lé lórí. Oníbàárà ńlá ń san gbèsè oníbàárà kékeré, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn oníṣirò ẹ̀ka náà wá tú iṣẹ́ palẹ̀: títún ẹ̀rọ tò lọ́tọ̀, kíkọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀, gbígbé ẹrù kiri lọ́tọ̀. Wọ́n mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná wọn, irin tó bá lò ó ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí lọ́rùn. Èyí ni ayé mọ̀ sí activity-based costing, ABC. Robert Kaplan àti Robin Cooper ti Yunifásítì Harvard ló polongo rẹ̀. Ọdún 1987 ni Kaplan àti H. Thomas Johnson gbé ìwé Relevance Lost jáde lórí àléébù irú ìṣirò àtijọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká fi ọlá fún àwọn àgbà: George Staubus ti kọ̀wé lórí irú ìṣirò yìí ní 1971, Alexander Hamilton Church sì ti ń bá àṣà fífi owó òṣìṣẹ́ pín ìnáwó jà láti 1901.

Ọ̀nà náà tàn kálẹ̀, ó sì di wàhálà. Ní ilé-iṣẹ́ Hendee ní Houston, tó ń ṣe ìbòrí ojú ilé, odindi ọjọ́ 3 ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò iṣẹ́ oríṣi 150 ní ẹ̀ka 40. Bí wọ́n bá sì ní kí òṣìṣẹ́ sọ bí ó ṣe ń pín àkókò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a pé 100 nínú 100, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń jókòó lásán. Ní 2004, Kaplan àti Steven Anderson mú un rọrùn: ẹ mọ iye tí ìṣẹ́jú kan ń ná yín, ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye lé ọjà.