Fọ́nrán Igi Nínú Ike Tó Ń Jẹrà

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀gẹ́ rírin, nígbà tó bá ṣì wà nínú àpò, ló ń mú kí gaàrí Ìjẹ̀bú kan, ìbáà ṣe ti Ìbẹ̀fun tàbí ti àwọn ìlú yòókù ní Odógbolú. Lára ohun tí wọ́n ń pèsè níbẹ̀ ni lactic acid, ásíìdì tí Carl Scheele kọ́kọ́ yọ jáde nínú wàrà kíkan ní Sweden ní ọdún 1780. Ásíìdì yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe PLA, ọ̀kan nínú àwọn ike tó ń jẹrà tó gbajúmọ̀ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo àti ìrèké ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò dípò ẹ̀gẹ́.

Wallace Carothers ti ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ ní 1932. Ṣáájú rẹ̀, ní 1926, Maurice Lemoigne ti rí PHB, ike mìíràn tó ń jẹrà, nínú ara bakitéríà ní ìlú Paris. Epo rọ̀bì pọ̀ nígbà náà, ike tí wọ́n ń fi í ṣe kò sì wọ́n, ni wọ́n bá pa méjèèjì tì. Ó di 2002 kí ilé iṣẹ́ ńlá tó lè ṣe 140,000 tọ́ọ̀nù PLA lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Blair, ní ìpínlẹ̀ Nebraska.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. PLA le, ṣùgbọ́n kò yi. Ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà á nà dáadáa kó tó ya. PLA kì í nà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀ lọ tó fi ń ṣẹ́. PHB náà kò sàn jù ú lọ. (Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé PLA á jẹrà bí wọ́n bá kàn jù ú sí gọ́tà o: ó ń fẹ́ ooru tó tó 60°C, irú èyí tó máa ń wà nínú òkìtì ajílẹ̀ ńlá.)

Oògùn àìsàn yìí ti wà kí àìsàn náà tó dé. Nígbà tí Leo Baekeland ṣe ike Bakelite ní 1907, tó rí i pé ó ń ṣẹ́ jù, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú pákó náà ni sẹ́lúlóòsì, tí Anselme Payen ti ṣàlàyé ní ilẹ̀ Faransé ní 1838. Òun ni egungun gbogbo ewéko: òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì rẹ̀, ó wà nínú ìkó, nínú ọparun àti nínú èèpo àgbọn. Bí írọ́ọ̀nù ṣe ń di kọnkéré mú ni fọ́nrán sẹ́lúlóòsì ń di ike mú. Bí ike bá fẹ́ là, ìlà náà á bá fọ́nrán lọ́nà. Àfi kó yà, tàbí kó fa fọ́nrán náà yọ, agbára ìlà náà á sì tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n sẹ́lúlóòsì fẹ́ràn omi, PLA sì kórìíra rẹ̀. Bí wọn kò bá lẹ̀ mọ́ra, fọ́nrán kò yàtọ̀ sí ihò. Bí wọ́n bá lẹ̀ jù, ìlà á gé fọ́nrán já, á sì kọjá lọ. Ike náà á le sí i, yíyi rẹ̀ á sì dín kù. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣi òǹkàwé lọ́nà: líle ni wọ́n wọ̀n, yíyi ni wọ́n ń polówó.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tún fọ́nrán ṣe ni omi sódà, tí John Mercer gba ẹ̀tọ́ lílò rẹ̀ lórí òwú ní 1850. Ó ń fọ ìda àti ìdọ̀tí kúrò lára fọ́nrán. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni omi eérú tí àwọn aláró wa ń sẹ́.

Ọ̀nà kejì ni fífọ́ fọ́nrán wẹ́wẹ́. Ní 1983, Albin Turbak àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ITT Rayonier ròyìn pé àwọn fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po wàrà fọ́ púlúpù igi di fọ́nrán tí ojú lásán kò lè rí. Ní 1995, àwọn olùwádìí ní Grenoble fi hàn pé díẹ̀ péré fọ́nrán sẹ́lúlóòsì tó kéré bẹ́ẹ̀ ń yí ìwà ike padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bó bá gbẹ, ó ń dì pọ̀, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì fi ń tú u.

Nílé, Samson Adeosun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó tẹ àtúnyẹ̀wò jáde lórí irú ike bẹ́ẹ̀ ní 2012. Isiaka Oladele ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ (FUTA), Àkúrẹ́, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí fọ́nrán ewéko nínú ike. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an ti gbìyànjú àtirí sẹ́lúlóòsì lọ́pọ̀ yanturu: wọ́n gbin Gmelina sínú igbó Ọmọ kí ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwọ́pin lè máa rí púlúpù ṣe. Ilé iṣẹ́ náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn, Gmelina sì di igi tí wọ́n ń là ní sọ́mìlì.