Ẹkùn Yìnyín àti Àwọn Olóko Ladakh

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀, iyanrìn gbígbóná ni ọkàn yín yóò lọ bá. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ tútù náà wà. Ọ̀kan wà ní Ladakh, ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Níbẹ̀ ni ìjọba ya ilẹ̀ ńlá kan sọ́tọ̀ fún ẹranko ní ọdún 1981. Hemis ni orúkọ rẹ̀.

Kí ló sọ ibẹ̀ di aṣálẹ̀? Òkè ni. Òkè Himalaya ga púpọ̀. Bí ìkùukùu òjò bá ti ọ̀nà òkun bọ̀, ara òkè wọ̀nyí ni ó ń tú omi rẹ̀ sí ní ìhà gúúsù. Díẹ̀ péré ló ń kọjá dé Ladakh. Ilẹ̀ Hemis ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 3,000 títí dé 6,000. Igi kò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà òtútù, odò á dì, yìnyín á bo orí òkè. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹranko ń gbé ibẹ̀. Bharal, tí ó jọ àgùntàn, ń jẹ koríko lára àpáta. Marmot ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, á sì sùn síbẹ̀ títí òtútù yóò fi lọ. Ẹyẹ igún kan máa ń gbé egungun fò sókè, á jù ú sórí àpáta kí ó lè fọ́, kí ó tó jẹ ẹ́. Ọ̀gá gbogbo wọn ni ẹkùn yìnyín. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, irun rẹ̀ nípọn, ìrù rẹ̀ sì gùn. Bí ó bá sùn, ìrù yìí ni ó fi ń bo ojú rẹ̀.

Ènìyàn náà ń gbé inú Hemis, ní abúlé bíi Rumbak àti Markha. Wọ́n ń gbin ọkà bálì, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn. Níbí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn á fo ògiri ọgbà ẹran lóru. Àwọn ẹran kò rí ọ̀nà sá, nítorí náà ó lè pa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọrọ̀ ilé kan ti parẹ́. Inú á bí àwọn ará abúlé, wọ́n á pa ẹkùn náà. Òfin kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin kò dá ewúrẹ́ padà fún ẹni tí ó pàdánù rẹ̀.

Rinchen Wangchuk, ọmọ Ladakh, àti Rodney Jackson, onímọ̀ nípa ẹkùn yìí, bá àwọn ará abúlé jókòó, wọ́n jọ wá ọ̀nà. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọ̀n irin bo orí ọgbà ẹran, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn tí ó dé dáadáa. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin Rumbak bẹ̀rẹ̀ sí gba àlejò sínú ilé wọn. Àlejò wá wo ẹkùn, ó sì ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn. Báyìí ni ẹkùn tí ó wà láàyè di ohun tí ń mú owó wọlé.

Ní ọdún 2024, ìjọba Íńdíà kéde iye ẹkùn yìnyín tí ó wà ní ilẹ̀ náà: 718. Nínú wọn, 477 wà ní Ladakh.

Ẹ kíyè sí i: òfin dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò parí ìjà náà. Ìgbà tí ẹran olóko wà láìléwu, tí owó sì wọ ọwọ́ rẹ̀, ni ẹkùn náà rí ìsinmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ẹranko, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹranko náà ń jẹ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀.