Ìrókò Tó Gbé Fíìmù Wa Kárí Ayé

Ẹ̀yin ará Òkèhò, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn nílé lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn tí kì í ṣe àlọ́. Iwin kò sí nínú rẹ̀, àǹjọ̀nú kò sí nínú rẹ̀, ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fojú rí àti ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe kọjá kèrémí.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jason Njoku, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kàwé gboyè ní Yunifásítì Manchester, ṣùgbọ́n òwò ló wù ú. Ó dá ọ̀kan sílẹ̀, ó wó. Ó dá òmíràn, ó forí ṣánpọ́n. Ó tẹ ìwé ìròyìn jáde, ìyẹn náà wọlẹ̀. Ní 2010, ọmọ ọkùnrin tó ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún padà sábẹ́ òrùlé ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí i pé fíìmù Nàìjíríà ti gba ìyá náà lọ́kàn. Ó wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí ohun gidi kan.

Ó dìde, ó di Èkó. Ó wọ àárín àwọn onífíìmù ọjà Alábà, ó ń bá wọn nájà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe sídíì ló ń rà o; ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù wọn han aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń rà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Jámánì, Bastian Gotter, ló ń tú àpò sílẹ̀ fún un.

YouTube ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ sí, wọ́n pe ìsọ̀ wọn ní NollywoodLove. YouTube fúnra rẹ̀, àrà ni: wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2005, nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2006, Google ti gbà láti san bílíọ̀nù 1.65 dọ́là lé e lórí. Ní oṣù Kejìlá 2011, Jason àti Bastian kó kúrò ní ìsọ̀ onísọ̀, wọ́n kọ́ tiwọn: iROKOtv. Àwa tí àwọn bàbá wa ṣí kúrò ní ibùdó àtijọ́ wá tẹ Òkèhò tòní dó ní 1917 mọ̀ pé ẹni tó kọ́lé tuntun ni yóò pọn omi rẹ̀, òun náà ni yóò dáná. Owó wá di dandan. Nígbà tí 2012 fi dé ìdajì, Tiger Global, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò ti New York, ti fi mílíọ̀nù 8 dọ́là sí i.

Ẹbọra kan wá dábùú ọ̀nà: dáàtà! Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo fíìmù ní àwòsùn. Ẹni tó wà ní Òkèhò, dáàtà rẹ̀ á ti tán kí ọkọ tó gbé ìyàwó wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣọ́ọ̀bù ni à ń gbé fóònù lọ. Onítọ̀hún á yọ mẹ́mọ́rì, á kì í bọ kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ á máa kùn lẹ́yìn ilé, fíìmù rẹpẹtẹ á wọlé, kọ́bọ̀ kò ní dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é. iROKO náà ta ọgbọ́n: ó gbé kíósìkì kalẹ̀ ní Èkó, kí èèyàn lè gba fíìmù sórí fóònù láìná dáàtà. Ní oṣù Kínní 2016, wọ́n kéde mílíọ̀nù 19 dọ́là. Canal+, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó dá a.

Ṣùgbọ́n obìnrin ni akọni ìtàn yìí. Mary Remmy Njoku, òṣèré, aya Jason, ló dá ROK Studios sílẹ̀ ní 2013. Ọkọ ń ra fíìmù oní-fíìmù, ìyàwó ń ṣe tirẹ̀. Fíìmù ROK lé ní 500. Ìkànnì rẹ̀ dé DStv, ó dé Sky nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Keje 2019, Canal+ ra ROK. Wọn kò sọ iye tí wọ́n san fáyé gbọ́, Mary sì ń bá ipò ọ̀gá lọ nígbà náà. Ẹ kíyè sí i: iROKOtv, tí í ṣe ọ̀nà tí fíìmù ń gbà kọjá, kò sí nínú ohun tí wọ́n rà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù gan-an ni wọ́n na owó lé. Ní 2020, iROKO dá nǹkan bí 150 òṣìṣẹ́ dúró, ó kọjú sí àwọn oníbàárà òkè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Canal+ gba MultiChoice tó ni DStv, àwo tó wà lórí òrùlé yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkèhò, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tó ń fi fóònù ya eré: ẹni tó ni iṣẹ́ ni olówó ń wá kàn. Ẹ má fi ẹnu lásán ta ẹ̀tọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ tọ́jú ojúlówó fíìmù yín sí ibi tí kò ti ní sọnù.