Kúrúwà distribution: bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbó, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà kan tó wà lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mọ́tò ò tíì fojú rí rí. Àwọn mẹkaníìkì wa ń pè é ní kúrúwà distribution. Àwọn ará Nàìjíríà lódìkejì bọ́dà ń pè é ní timing belt. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n tó bá já lójú ọ̀nà, ó lè sọ odindi ẹ́ńjìnnì di irin lásán. Ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun, tó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, mọ ohun tó wà níbẹ̀: iṣẹ́ dúró, gbèsè ò dúró.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Ọ̀pá méjì ló gbọ́dọ̀ máa yí pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ti ìsàlẹ̀ ni vilebrequin. Àwọn písítónì ló ń yí i. Ti òkè ni arbre à cames. Òun ló ń ṣí àwọn soupape, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Tí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan géérégé. Kúrúwà yìí ló so wọ́n pọ̀. Rọ́bà ni, okùn líle wà nínú rẹ̀, ó sì ní eyín. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Mọ́tò Jámánì kan, Glas 1004, ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí nínú àwọn mọ́tò tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu, ní 1962. Ṣéènì tàbí eyín irin ló ń ṣiṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Tó bá já, arbre à cames á dúró lójijì, písítónì ò sì ní dúró. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, àyè wà láàárín wọn, mọ́tò á kàn kú ni. Lára àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ń lo gásọ́ìlì, písítónì á lọ gbá soupape, soupape á tẹ̀, culasse lè bàjẹ́. Ibi tí owó ńlá ti ń lọ nìyẹn.

Ṣé mọ́tò yín ní i?

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ní i. Peugeot 504 tó ń lo ẹsáǹsì ń lo ṣéènì, Mercedes 190 náà bẹ́ẹ̀. Toyota HiAce àtijọ́ tó ń lo gásọ́ìlì, Peugeot 405, Golf 3 àti ọ̀pọ̀ Opel Astra ní kúrúwà. Corolla àtijọ́ tó ń lo ẹsáǹsì ní i. Ọ̀pọ̀ èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, láti bí ọdún 2002, ń lo ṣéènì. Ẹ bi mẹkaníìkì yín, kó sì wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, torí orúkọ mọ́tò nìkan ò tó.

Ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ń sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó wà láàárín 60.000 sí 160.000 kìlómítà, tàbí ọdún 5 sí 10. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni ká tẹ̀ lé. Mọ́tò tó dúró sí ilé náà ń dàgbà o, torí rọ́bà ń gbó. Lára àwọn HiAce kan, iná kan tí wọ́n kọ T-BELT sí máa ń tàn ní iwájú dẹ́rẹ́bà nígbà tí àsìkò bá tó. Ẹ má ṣe yọ gílóòbù rẹ̀!

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń gbà ní èbúté Kútọnu ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn kó tó dé. Wọ́n lè ti yí kìlómítà wọn padà. Tí kò bá sí ìwé tó fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ kúrúwà hàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò náà ṣiṣẹ́.

Àmì tó ń fi hàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: lọ́pọ̀ ìgbà, kúrúwà kì í kìlọ̀ kó tó já. Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

- Ariwo bíi kí nǹkan máa ha nǹkan, tàbí ohùn tó ń hu, láti inú ìdérí kúrúwà. Galet tó gbó lè máa hu bẹ́ẹ̀.
- Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, agbára rẹ̀ dín kù, ó sì ń ṣòro láti gbé. Ó lè jẹ́ pé kúrúwà ti fo eyín kan.
- Ọ́ìlì tàbí omi ń jò níbi tí kúrúwà wà. Ọ́ìlì máa ń jẹ rọ́bà.
- Mọ́tò kú lójijì, tẹ́ ẹ bá sì ń gbé e, ó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìmú iná. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ti mọ́tò náà kó lè gbé. Soupape tó kù lè tẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó ń ké fííí ní àárọ̀ kùtùkùtù, kúrúwà ìta tó ń yí alternateur ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí gírísì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú ìdérí òkè, kẹ́ ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó sán, eyín tó ti ré, etí tó ń tú bí okùn àtijọ́, ẹ̀yìn tó ń dán tó sì le gbagidi, tàbí ọ́ìlì, ó ti tán nìyẹn. Eruku ilẹ̀ pupa wa náà ń jẹ ẹ́, ẹ má fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ sí gáráàjì.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Iṣẹ́ mẹkaníìkì tó mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n ó dáa kí olówó mọ́tò mọ ohun tó yẹ kó rí.

1. Yọ okùn bátìrì tó jẹ́ négátíìfù. Tó bá gbé mọ́tò sókè, kó fi nǹkan tó lágbára tì í nísàlẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó.
2. Tú kúrúwà ìta, pùlí ìsàlẹ̀ àti ìdérí. Bí kànga ẹ́ńjìnnì bá wà lójú ọ̀nà, kó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì dúró kó tó tú u.
3. Yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú sípánà títí gbogbo àmì á fi bára mu, lókè àti nísàlẹ̀. Kó fi ọ̀dà funfun kún àmì náà. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan nílò irin tí wọ́n fi ń dá ọ̀pá dúró.
4. Dẹ tendeur, yọ kúrúwà àtijọ́. Látìgbà yìí lọ, ọ̀pá kankan ò gbọ́dọ̀ yí.
5. Pààrọ̀ galet àti tendeur. Tí kúrúwà bá ń yí pọ́ǹpù omi, pààrọ̀ òun náà, àti joint tó bá ń jò.
6. Fi tuntun wọ̀ ọ́, láti ìsàlẹ̀. Kó tẹ̀ lé ọfà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ká a, kò gbọ́dọ̀ fi tọ́nífíìsì tì í wọlé.
7. Fún un le bí ìwé ẹ́ńjìnnì náà ṣe wí. Tó bá le jù, galet á bàjẹ́. Tó bá dẹ̀ jù, á fo eyín.
8. Fi ọwọ́ àti sípánà yí vilebrequin lẹ́ẹ̀mejì, síbi tó máa ń yí sí. Kó tún wo àmì. Tí nǹkan bá gbá nǹkan, kó dúró, kó tún un tò. Kò gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ gbé e kó tó ṣe èyí.
9. Dá gbogbo rẹ̀ padà, bu omi sí i, yọ afẹ́fẹ́ inú omi, kó tó gbé mọ́tò.

Ẹ ní kó fún yín ní kúrúwà àtijọ́ náà, kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tú lára mọ́tò mìíràn. Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sórí ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ẹ̀yin ará. Mọ́tò kan náà yìí là ń fi gbé aláboyún lọ sí ọsibítù Pobè lóru. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì ń rìn.